Orúkọ, Ike àti Iná: Àlàyé lórí Àtúnṣe Táǹkì Epo Ẹ̀rọ Kékeré tí Ń Jò

1.0 Ìfáárà

Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ètò náà fi hàn pé èdè Yorùbá tó ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì í kọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tí ó jẹ mọ́ ẹ̀rọ ṣì ń fẹ́ àlàyé. Ọ̀nà tí ó dára láti mọ̀ bóyá èdè kan lè ṣàlàyé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n sì tú u palẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Iṣẹ́ tí àpilẹ̀kọ yìí mú ni àtúnṣe táǹkì epo tí wọ́n fi ike ṣe, irú èyí tí ó wà lára ẹ̀rọ ìgékoríko tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé kọ́ èjìká. Iṣẹ́ kékeré ni lójú, nítorí pé táǹkì náà kì í sábà gbà ju líta kan àti díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ó wà ni ó sọ ọ́ di ọ̀ràn ńlá. Abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ó wà. Kò jìnnà sí irin gbígbóná tí èéfín ń gbà jáde. Ó sì súnmọ́ ìbàdí ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ náà. Bí epo bá ń jò níbẹ̀, àárín aṣọ ènìyàn àti irin gbígbóná ni ó ń jò sí.

Kókó tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àṣìṣe méjì ni ó ń ba àtúnṣe yìí jẹ́, àti pé orúkọ ni ó bí àwọn méjèèjì. Èkíní ni pé àwọn ènìyàn ń pe ike ní rọ́bà, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ bí ẹni lẹ rọ́bà. Èkejì ni pé wọ́n ń pe táǹkì tí wọ́n ti da epo inú rẹ̀ nù ní táǹkì òfìfo, wọ́n sì ń gbé iná súnmọ́ ọn bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Àṣìṣe èkíní a máa fi owó àti àkókò ṣòfò. Àṣìṣe èkejì a máa pa ènìyàn.

2.0 Orúkọ àti ohun tí ń jẹ́ orúkọ

2.1 Ohun tí wọ́n ń pè ní rọ́bà

Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà àti àwọn mẹkáníìkì fún ohun tí wọ́n fi ṣe táǹkì yìí ni rọ́bà. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, gẹ́gẹ́ bí àwọn àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí ti fi hàn:

(1) (a) garawa rọ́bà
(b) tíúbù rọ́bà
(c) kẹ́ẹ̀gì rọ́bà
(d) rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, (1b) àti (1d) nìkan ni rọ́bà ní tòótọ́. Ike ni (1a) àti (1c). Rọ́bà gidi jẹ́ ohun tí ń fà tí ó sì ń padà sí bí ó ti wà. Àwọn Yorùbá mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́, nítorí pé oje igi ìrẹ́ a máa di rọ́bà. Láàárín ọdún 1890 sí 1900, oje igi yìí jẹ́ ọjà pàtàkì tí ń ti inú igbó ilẹ̀ Yorùbá gba Èkó lọ sí òkè òkun. Lẹ́yìn náà ni igi rọ́bà tí ó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Brazil gba ipò rẹ̀. Lóde òní, wọ́n tún ń ṣe oríṣi rọ́bà mìíràn láti inú epo rọ̀bì.

Ìwà kan wà lára rọ́bà ara igi tí ó ṣe pàtàkì fún àlàyé yìí: bẹntiróòlù a máa wọ inú rẹ̀, a sì máa mú un wú. Ìwà yìí gan-an ni àwọn tí ń lẹ táyà ń lò. Sọlúṣọ̀n tí wọ́n ń fi sí ojú tíúbù jẹ́ rọ́bà tí wọ́n yọ́ sínú ohun olómi tí ó jọ bẹntiróòlù. Ohun olómi náà a wọ inú tíúbù, a mú ojú rẹ̀ rọ̀. Bí ó bá ti fẹ́ lọ tán, rọ́bà ti di mọ́ rọ́bà.

2.2 Ike

Ike tí ó wọ́pọ̀ lára táǹkì ẹ̀rọ kékeré ni pólítíìnì. Ní ọdún 1933 ni Eric Fawcett àti Reginald Gibson ṣèèṣì rí i nínú yàrá ìwádìí ilé-iṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí wọ́n rí nígbà náà jẹ́ oríṣi tí ó rọ̀. Ní ọdún 1953, Karl Ziegler rí ọ̀nà láti ṣe oríṣi líle ní ilẹ̀ Jámánì láìlo ipá ńlá láti fi tẹ̀ ẹ́, òun àti Giulio Natta sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1963. Pólítíìnì líle yìí ni wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ táǹkì ẹ̀rọ ìgékoríko. Ìdí tí wọ́n fi yàn án ni pé bẹntiróòlù kì í yọ́ ọ, ó fúyẹ́, kì í dípẹtà, ó sì rọrùn láti fi ooru mọ sí àwòrán tí wọ́n bá fẹ́. Ooru tí ó tó nǹkan bí 130°C ni ó ń yọ́ ọ.

2.3 Láílọ́ọ̀nù

Orúkọ kan tún wà tí ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ohun tí ọlọ́jà ń pè ní láílọ́ọ̀nù, irú èyí tí wọ́n ń bu omi tútù sí tàbí tí wọ́n fi ń di ẹrù, kì í ṣe láílọ́ọ̀nù rárá, pólítíìnì ni. Láílọ́ọ̀nù gidi ni èyí tí àwọn ènìyàn Wallace Carothers ṣe ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1935. Ó le jù pólítíìnì lọ, ooru tí ó ju 200°C ni ó sì ń yọ́ ọ. Táǹkì àwọn ẹ̀rọ ìgégi kan wà tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù gidi ṣe. Ẹni tí ó bá mú pólítíìnì láti fi dí i, nítorí pé ọjà ń pe méjèèjì ní orúkọ kan, yóò ṣiṣẹ́ lásán: àwọn méjèèjì kì í wọ ara wọn, bí wọ́n tilẹ̀ yọ́ pọ̀.

Àwọn àgbà sọ pé ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Nítorí náà, nínú àpilẹ̀kọ yìí, rọ́bà yóò máa dúró fún ohun tí ń fà tí ó sì ń padà. Ike yóò dúró fún gbogbo ohun tí ooru ń yọ́ tí ó sì tún ń le padà bí ó bá tutù. Pólítíìnì àti láílọ́ọ̀nù yóò jẹ́ oríṣi ike méjì. Ọ̀nà tí wọ́n fi lè dá wọn mọ̀ nìyí:

(2) (a) Àmì. Lábẹ́ táǹkì, àmì onígun mẹ́ta tí ó ní 2 nínú, tàbí lẹ́tà HDPE tàbí PE-HD, dúró fún pólítíìnì líle. Lẹ́tà PA dúró fún láílọ́ọ̀nù gidi, PP sì dúró fún ike mìíràn tí ó jọ pólítíìnì ṣùgbọ́n tí kì í wọ ọ́.
(b) Omi. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ fá ìpáǹpá kékeré lára rẹ̀ tí wọ́n sì tì í wọ inú omi, pólítíìnì yóò léfòó, láílọ́ọ̀nù gidi yóò rì.
(c) Ọwọ́. Pólítíìnì a máa yọ̀ bí àbẹ́là, èékánná sì lè fa ìlà sí i lára.

Bí àmì bá wà, òun ni kí wọ́n gbẹ́kẹ̀lé, nítorí pé omi kò lè ya pólítíìnì àti PP sọ́tọ̀. Àwọn méjèèjì ni ó ń léfòó.

3.0 Ìdí tí àtè fi ń kọ̀

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àtè fi ń di nǹkan mú. Ọ̀nà kìíní ni ti sọlúṣọ̀n, tí ó ń wọ inú ohun tí wọ́n ń lẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ti èyí tí ń tàn ká ojú nǹkan, tí ó ń wọ gbogbo kòtò kéékèèké tí ó wà níbẹ̀, tí ó sì ń le sínú wọn. Pólítíìnì kọ ọ̀nà méjèèjì. Kò sí ohun olómi inú ilé tí ń yọ́ ọ ní ìwọ̀n ooru ilé, nítorí náà sọlúṣọ̀n kò rí ọ̀nà wọlé. Ojú rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ohun olómi tàn ká lórí rẹ̀. Bí omi ti ń ṣe lórí ewé kókò, tí ń ká ara jọ tí ó sì ń yí dànù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àtè ń ṣe lórí pólítíìnì.

Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìwà kan ṣoṣo ni ó mú kí ike yìí wúlò tí ó sì mú kí ó ṣòro láti lẹ̀. Ẹni tí ó yàn án fún táǹkì yàn án nítorí pé kì í jẹ́ kí ohun olómi yọ́ ọ. Ìwà náà kò ṣeé pín sí méjì, kí ó gba àtè láàyè kí ó sì kọ epo.

Nítorí èyí, sùpágúlúù tí wọ́n bá fi sí ojú ibi tí ó sán yóò gbẹ, yóò le, yóò sì ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Àtè alápapọ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ń tẹ̀ láti inú ọ̀rá méjì tí wọ́n sì ń pò pọ̀, dára jù ú lọ díẹ̀ bí wọ́n bá ti fi sáńpépà ha ojú ike náà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, ike ń tẹ̀, epo tí ó sì ń wọ ara ike díẹ̀díẹ̀ ń mú un wú. Àtè líle kò lè bá a tẹ̀, kò sì lè bá a wú. Etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, wọ́n a máa fi ọwọ́ iná tàbí ìtànṣán iná mànàmáná kọjá lójú pólítíìnì kí ó tó lè gba ọ̀dà ìtẹ̀wé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dán ti iná yẹn wò lára táǹkì tí ó ti gba epo rí. Àwọn àtè pàtàkì kan wà tí wọ́n ṣe nítorí pólítíìnì, ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò rà á ka ara páálí rẹ̀ bóyá ó lè fara da bẹntiróòlù, nítorí pé dídi pólítíìnì mú yàtọ̀ sí fífara da epo.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ náà yẹ ní dídárúkọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn awakọ̀ ti ń fi ọṣẹ líle ra ojú ibi tí táǹkì ti ń jò. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, nítorí pé bẹntiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ. Lára táǹkì onírin, ó lè gbé ọkọ̀ dé ilé. Ṣùgbọ́n lára pólítíìnì, ọṣẹ a máa mú kí ibi tí ó ti sán, tí ipá sì ń fà, tètè sán sí i. Ohun tí ó ran irin lọ́wọ́ ń pa ike lára.

4.0 Wíwá ibi tí ó ti ń jò gan-an

Kí ẹnikẹ́ni tó dárò táǹkì, ó yẹ kí ó mọ̀ bóyá táǹkì ni ó ń jò. Lára ẹ̀rọ ìgékoríko, àwọn ibi mìíràn wà tí epo lè gbà jáde: họ́ọ̀sì tí ń gbé epo lọ sí kábúrẹ́tọ̀, èyí tí ń dá àṣẹ́kù padà, òrùka rọ́bà tí àwọn họ́ọ̀sì náà gbà wọ inú táǹkì, rọ́bà inú ìdérí, ihò atẹ́gùn, àti kábúrẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀. Rọ́bà ni ó pọ̀ jù nínú wọn, rọ́bà a sì máa gbó kí ike tó gbó. Abẹ́ táǹkì ni gbogbo epo tí ó bá jò ń ṣàn sí, nítorí náà abẹ́ táǹkì ni ojú ń kọ́kọ́ rí. Ibi tí epo ti ń kán kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ibi tí ó ti ń jò.

Epo irú ẹ̀rọ yìí, tí ó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ní ọ́ìlì nínú. Bẹntiróòlù a fẹ́ lọ, ọ́ìlì a sì kù sílẹ̀, eruku a lẹ̀ mọ́ ọn. Ojú ọ̀nà dúdú tí ó bá fi sílẹ̀ ni kí wọ́n tọ̀ lọ sókè títí wọn yóò fi dé orísun rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n nu gbogbo ara rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n sì wò ó báyìí:

(3) (a) Bí ó bá ń jò nígbà tí táǹkì kún nìkan, òkè ni kí wọ́n wò: ìdérí tàbí òrùka rọ́bà.
(b) Bí ó bá ń jò títí epo fi fẹ́ tán, ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n wò.
(c) Bí ó bá ń jò nígbà tí oòrùn mú nìkan, ó ṣeé ṣe kí ihò atẹ́gùn ti dí. Afẹ́fẹ́ inú táǹkì ń wú, ó sì ń ti epo jáde ní ibi tí ó bá rọ̀ jù.
(d) Bí ó bá ń jò nígbà tí ẹ̀rọ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nìkan, ìdérí tàbí ihò atẹ́gùn ni ó wà nídìí rẹ̀.

Bí àyẹ̀wò yìí bá fi hàn pé táǹkì gan-an ni, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, kí wọ́n da epo inú rẹ̀ sínú ohun tí ó ní ìdérí, kí wọ́n dí gbogbo ihò rẹ̀, kí wọ́n sì rì í bọ inú bàsíà omi bí àwọn tí ń lẹ táyà ti ń ṣe sí tíúbù. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, èéhó yóò yọ ní ibi tí ó ti sán. Kí wọ́n fi ohun mímú fa àmì sí ibẹ̀ kí ó tó gbẹ.

5.0 Òfìfo tí kò ṣófo

Ibi yìí ni àṣìṣe kejì ti ń wọlé. Ènìyàn da epo nù, ó gbọn táǹkì, kò gbọ́ ìró omi nínú rẹ̀ mọ́, ó sì wí pé ó ti ṣófo. Ṣùgbọ́n epo olómi fúnra rẹ̀ kọ́ ni iná ń jó. Afẹ́fẹ́ epo tí ń gòkè lójú rẹ̀ ni. Bẹntiróòlù kò nílò oòrùn kí ó tó tú afẹ́fẹ́ yìí. Kódà nínú òtútù tí ó ju ti yìnyín lọ, ó ṣì ń tú èyí tí ó lè gbiná.

Afẹ́fẹ́ epo kì í gbiná bí kò bá dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí. Bí ti epo bá kéré sí ìdá 1.4 nínú 100, kò tó láti gbiná. Bí ó bá ju nǹkan bí ìdá 7.6 lọ, ó ti pọ̀ jù. Àárín méjèèjì ni ewu wà. Nínú táǹkì tí epo ṣì wà, afẹ́fẹ́ epo sábà máa ń ju ìwọ̀n yẹn lọ. Nínú táǹkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà nù, ó ń bọ̀ wá sí àárín rẹ̀ gan-an. Ìṣirò kékeré yóò mú un yé ni. Nínú táǹkì olíta kan, ìdá 1.4 nínú 100 jẹ́ mílílítà 14 afẹ́fẹ́ epo. Epo olómi tí yóò mú ìyẹn jáde kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílílítà kan. Ẹ̀kán kan tàbí méjì ni. Ẹ̀kán méjì kò lè dún nínú táǹkì tí wọ́n bá gbọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ó tó láti fọ́ táǹkì náà sí ojú ẹni tí ó gbé iná sí i.

Ohun méjì tún mú ọ̀ràn náà le sí i. Àkọ́kọ́ ni pé afẹ́fẹ́ epo wúwo ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Bí wọ́n bá ṣí táǹkì tí wọ́n sì gbé e nàró, kò ní jáde. Yóò jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìkejì ni pé ara pólítíìnì a máa mu epo díẹ̀. Bí wọ́n bá fọ táǹkì ní àárọ̀ tí òórùn epo sì lọ, tí wọ́n bá dé e títí di ìrọ̀lẹ́, òórùn náà yóò padà, nítorí pé èyí tí ó wà nínú ògiri rẹ̀ ń jáde wá. Ìdí nìyí tí imú kò fi tó láti fi ṣe ẹlẹ́rìí.

6.0 Àtúnṣe

6.1 Ohun tí kò fẹ́ iná

Bí ó bá jẹ́ họ́ọ̀sì, òrùka rọ́bà tàbí rọ́bà ìdérí ni ó gbó, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí iná nínú iṣẹ́ yìí. Họ́ọ̀sì tuntun gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún epo. Họ́ọ̀sì tí ń dán gbinrin tí wọ́n ṣe fún omi yóò le, yóò sì sán, nítorí pé bẹntiróòlù a máa fa ohun tí ó mú un rọ̀ jáde. Ihò òrùka rọ́bà a máa kéré díẹ̀ sí họ́ọ̀sì, kí ó lè fún un mọ́ra. Nítorí náà kí wọ́n fi abẹ gé orí họ́ọ̀sì ní ọ̀bùrọ́, kí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ lè kọ́kọ́ wọlé, kí wọ́n sì fà á láti òdì kejì. Lẹ́yìn náà kí wọ́n gé ṣóńṣó náà kúrò. Asẹ́ kékeré orí họ́ọ̀sì gbọdọ̀ dé ìsàlẹ̀ táǹkì. Bí ihò atẹ́gùn bá dí, kí wọ́n nù ún. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu ihò mìíràn sí ìdérí, nítorí pé ẹ̀rọ tí ènìyàn ń gbé fẹ̀gbẹ́ yóò da epo láti ibẹ̀.

6.2 Ohun tí ó fẹ́ ooru

Bí ike gan-an bá sán, ìpinnu tí ó kọ́kọ́ yẹ ni láti ra táǹkì mìíràn. Irin ìyọ́jé, ìyẹn èyí tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé, a máa gbóná ju 300°C lọ. Bẹntiróòlù sì lè gbiná fúnra rẹ̀, láìsí ọwọ́ iná kankan, lórí ohun tí ó gbóná tó nǹkan bí 250°C sí 280°C. Irin tí kò ní iná lójú lè jẹ́ iná fún epo. Bí ike náà bá sì ti gbó nínú oòrùn, tí ìlà wínníwínní pọ̀ lára rẹ̀, kò sí àtúnṣe fún un; ibi tí wọ́n bá dí yóò dúró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sán.

Bí kò bá sí táǹkì mìíràn ní àrọ́wọ́tó, tí ibi tí ó sán sì kéré, ọ̀nà tí ó bójú mu ni kí wọ́n fi ooru dà á pọ̀ pẹ̀lú ike irú tirẹ̀. Ìlànà rẹ̀ nìyí:

(4) (a) Kí wọ́n yọ táǹkì kúrò lára ẹ̀rọ, kí wọ́n yọ họ́ọ̀sì àti asẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e jìnnà sí epo, sìgá, jẹnẹrétọ̀ àti iná ìdáná.
(b) Kí wọ́n fi omi àti ọṣẹ fọ inú rẹ̀ léraléra, kí wọ́n sì fi omi lásán ṣan ọṣẹ náà kúrò pátápátá.
(c) Kí wọ́n da ẹnu rẹ̀ délẹ̀ níta gbangba fún ọjọ́ mélòó kan, kí afẹ́fẹ́ epo lè ṣàn jáde, kí èyí tí ó wà nínú ògiri rẹ̀ sì lè bá a lọ. Lẹ́yìn èyí kí wọ́n tún un fọ̀.
(d) Kí wọ́n bu omi sínú rẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó dé ibi tí ó sán, kí wọ́n sì dá táǹkì dúró lọ́nà tí ibi náà yóò fi wà lókè pátápátá. Omi ni yóò gba àyè tí afẹ́fẹ́ epo ì bá gbà. Kí ẹnu táǹkì wà ní ṣíṣí.
(e) Kí wọ́n fi ìlu ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò kékeré sí òpin méjèèjì ibi tí ó sán, kí ó má baà gùn sí i. Kí wọ́n sì fi ọ̀bẹ gbẹ́ ojú ìlà náà bí poro.
(f) Kí wọ́n gé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara táǹkì àlòkù irú rẹ̀ tí kò gba epo mọ́ tipẹ́, tàbí láti ara kẹ́ẹ̀gì tuntun tí ó ní àmì kan náà.
(g) Níta gbangba, pẹ̀lú iyanrìn tàbí ohun èlò ìpaná nítòsí, kí wọ́n fi irin ìyọ́jé yọ́ etí poro náà àti ìlà ike pa pọ̀, kí wọ́n sì máa rò wọ́n mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Ike tí ó bá ń rú èéfín ti gbóná jù. Kí ojú má wà ní òkè táǹkì tààrà.
(h) Kí wọ́n jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀. Omi tútù yóò mú un fà, yóò sì tún sán.

Ẹni tí kò bá lè ṣe (b), (c) àti (d) pátá kò gbọdọ̀ dé (g). Omi kì í pa iná bẹntiróòlù. Ńṣe ni ó ń tàn án ká. Ìdí nìyẹn tí iyanrìn fi wà nínú ìlànà náà.

7.0 Ìdánwò

Àtúnṣe kò parí nígbà tí ooru bá kúrò. Kí wọ́n kọ́kọ́ rì táǹkì bọ inú omi bíi ti àtẹ̀yìnwá, kí wọ́n sì wá èéhó. Bí kò bá sí, kí wọ́n jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ dáadáa, nítorí pé omi inú epo yóò da kábúrẹ́tọ̀ láàmú. Lẹ́yìn náà kí wọ́n bu epo sí i, kí wọ́n gbé e sórí páálí mímọ́ níta fún odidi ọjọ́ kan. Páálí yóò jẹ́rìí ohun tí ojú kò rí. Bí ẹ̀kán kan bá ń kán ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, ohun tí yóò ṣòfò ní ọjọ́ kan yóò lé ní mílílítà 400, tí ó súnmọ́ ìdajì líta. Lẹ́yìn tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin ní Nàìjíríà, ẹni tí ń fi ẹ̀rọ yìí jẹun kò tún lè fojú kéré ìdajì líta mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òfò owó ṣì ni ó kéré jù nínú òfò tí ó wà níbẹ̀.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Àlàyé tí ó ti kọjá fi hàn pé àtúnṣe táǹkì epo kékeré ní ètò: wíwá orísun ni àkọ́kọ́, pípààrọ̀ rọ́bà tí ó gbó ni ìkejì, ríra táǹkì mìíràn ni ìkẹta, fífi ooru dí ike ni ó kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn yóò fi iná dí táǹkì tí kò sán, nígbà tí ó jẹ́ pé òrùka rọ́bà ni ó ń jò.

Ó sì tún fi hàn pé èdè Yorùbá kò kùnà nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ wà nílẹ̀: rọ́bà wà, ike wà, poro wà, èéhó wà, ewé kókò sì ń ṣàlàyé ohun tí àtè ń ṣe lójú pólítíìnì dáadáa. Ohun tí ó kù ni kí àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń kọ ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ní èdè Yorùbá ya rọ́bà sọ́tọ̀ kúrò lára ike, kí wọ́n má sì máa lo ọ̀rọ̀ náà, òfìfo, fún ohun tí afẹ́fẹ́ epo ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn Yorùbá a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ilé mẹkáníìkì, ara ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ni ó ń jìyà orúkọ tí wọ́n bá ṣì sọ.